Aago Tọ́bò Tó Parọ́ Mọ́ Oríọlá

“Ta ló kọ́kọ́ sọ pé wọ́n pààrọ̀ tọ́bò ọkọ̀ yìí?”

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Wúràọlá Adéṣínà kò tíì jókòó tó fi da ìbéèrè náà sílẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Àkúrẹ́ dé sí àgọ́ ọlọ́pàá Oǹdó ni, eruku ọ̀nà ṣì wà lára bàtà rẹ̀, ẹ̀pà bíbọ̀ sì kún ọwọ́ òsì rẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni, ojú rẹ̀ tutù, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ó gbé oúnjẹ wá fún ẹnì kan ní àtìmọ́lé ni.

“Èmi ni, màdáámù,” ni Lawrence Akíntóyè dáhùn. Ó mú ohùn rẹ̀ le, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò le tó ohùn náà.

Ọmọ Oǹdó ni Lawrence, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, ọ̀gá tó ní ọ́fíìsì tirẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù. Oríọlá mẹkáníìkì, tó dúró láìwọ bàtà lẹ́yìn káńtà lọ́wọ́ báyìí, ni ọkọ Táíyé, àbúrò Lawrence obìnrin. Lawrence gbé jíìpù rẹ̀ fún Oríọlá kó tún bíréèkì ṣe. Nígbà tó gbà á padà, kò tíì rìn jìnnà tó fi rí i pé aago tọ́bò kò gòkè mọ́. Tọ́bò yìí ni ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì kí ọkọ̀ lè lágbára, aago ọ̀hún ló sì ń sọ bí atẹ́gùn náà ṣe pọ̀ tó. Kí ọwọ́ aago tó ń fò sókè tẹ́lẹ̀ wá máa wọ́lẹ̀ bí ẹni tí ebi ń pa! Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, bí ìjọ ṣe ń tú jáde, Lawrence na ìka sí ọkọ àbúrò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó pè é lólè tó pààrọ̀ tọ́bò òun, ó sì mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹyin lohùn, ó ti bọ́, ó sì ti fọ́.

Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láàárọ̀ yìí ni pé nígbà tó wọlé, Oríọlá tó sun orí sìmẹ́ǹtì dọ̀bálẹ̀ fún un lẹ́yìn káńtà níbẹ̀. “Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n,” ló wí, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe máa ń kí i láti ọjọ́ tó ti fẹ́ Táíyé. Táíyé alára wà lórí bẹ́ńṣì pẹ̀lú kúlà oúnjẹ lórí itan, kò sì kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rárá.

“Oríọlá, ṣé o pààrọ̀ rẹ̀?” Wúràọlá béèrè.

“Rárá, màdáámù. Bíréèkì ni wọ́n ní kí n ṣe, bíréèkì ni mo ṣe.”

“Ṣé o ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì?”

“Mo ṣí i. Ibẹ̀ la ti ń bu epo bíréèkì sí i.”

“Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀!” Lawrence fò dìde. “Ó sì ta tọ́bò fún ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan ní Àkúrẹ́ lọ́sẹ̀ náà. Àyìndé lorúkọ ẹni tó rà á. Ẹ bi í bí mo bá parọ́.”

Wúràọlá kọjú sí Oríọlá. Oríọlá wo ilẹ̀.

“Mo ta tọ́bò fún Àyìndé lóòótọ́,” ló wí. “Kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n.”

Kúlà bọ́ lọ́wọ́ Táíyé, ọbẹ̀ dà sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ láti gbé e. Gbogbo wọn ló mọ ohun tó wà nílẹ̀: bí oòrùn bá ti yẹ̀ lọ́sàn-án yìí, ẹgbẹ́ mẹkáníìkì yóò ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ Oríọlá. Adémọ́lá tó jẹ́ alága wọn ti sọ pé bí a kò bá wẹ orúkọ rẹ̀ mọ́, àwọn yóò ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Ẹni tí wọ́n bá sì lé ní abúlé mẹkáníìkì, kò sí ẹni tí yóò gbé ọkọ̀ fún un mọ́ ní gbogbo Oǹdó.

Wúràọlá ju ẹ̀pà kan sẹ́nu. “Ọ̀gá, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ yín. Ẹ gbé mi lọ sọ́dọ̀ Àyìndé.”

*

Wọ́n gba ọ̀nà Àkúrẹ́. Obìnrin náà kò wo ọ̀nà, aago ló ń wò. Àyìndé ni Lawrence ń rò ní tirẹ̀. Ó ń bẹ Ọlọ́run nínú pé kí wọ́n bá tọ́bò náà níbẹ̀, kí ó ṣáà jẹ́ ti òun, nítorí bí kò bá jẹ́ ti òun, irú ojú wo ni òun yóò fi wo Táíyé? Ó yà á lẹ́nu pé òun ń gbàdúrà kí ọkọ àbúrò òun jẹ́ olè.

Nígbà tí wọ́n kọjá Ọ̀wẹ̀nà, wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè kan. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń rá pálá níwájú wọn.

“Ẹ tẹná,” Wúràọlá wí.

Lawrence tẹ̀ ẹ́. Jíìpù náà kù, ó kọjá lára ọkọ̀ akẹ́rù náà, ó ń gun òkè lọ bí ẹni pé pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni. Wúràọlá bojú wẹ̀yìn, kò rí èéfín dúdú kankan.

“Ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná.”

Ìgbà tí Lawrence gbẹ́sẹ̀ kúrò tán ni ọwọ́ aago ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń rọra gòkè. Ó gòkè díẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́, ó sì padà sílẹ̀. Wúràọlá bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ wo aago yín. Ìbéèrè àná ló ń dáhùn lónìí.”

“Kí lèyí túmọ̀ sí, màdáámù?”

“Ọkọ̀ tí wọ́n gbé tọ́bò gidi kúrò lára rẹ̀ kì í gun òkè báyìí. Èéfín ni ì bá máa tú, á sì máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ọkọ̀ yín kò ṣàìsàn rárá. Aago ni ìròyìn ń pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.” Ó gbọn èèpo ẹ̀pà dànù. “Àmọ́ mi ò tíì sọ pé ẹnikẹ́ni kò jalè o. Ẹ jẹ́ ká rí Àyìndé ná.”

Lawrence di ìdarí ọkọ̀ mú, wọ́n ń bá ọ̀nà Àkúrẹ́ lọ.

*

Àárín ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ nínú ọjà kan ní Àkúrẹ́ ni Àyìndé jókòó sí, ó de fìlà pẹlẹbẹ, ó ń fi aṣọ nu irin. Bó ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, kò bẹ̀rù. Ó kàn wọlé lọ, ó sì gbé tọ́bò kan jáde pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń mí fòò.

“Èyí tí Oríọlá tà fún mi rèé. Ẹ gbé e lé ẹ́ńjìnnì jíìpù yín, kí n wò ó bí yóò ṣe wọ̀ ọ́.”

Tọ́bò náà tóbi tó ìkòkò tí wọ́n fi ń se ẹ̀wà níbi òkú àgbà. Ẹni tí kò mọ ohunkóhun nípa ọkọ̀ yóò mọ̀ pé jíìpù kò lè gbé e.

“Ti ọkọ̀ tó ń kó yanrìn ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ni,” Àyìndé wí. “Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ti kú, ẹni tó ni ín ló ní kí Oríọlá bá òun tà á. Òun pẹ̀lú Oríọlá ni wọ́n jọ wá. Alàájì, ṣé ẹ̀yin lẹ pè é lólè?”

Lawrence kì í ṣe alàájì, ṣùgbọ́n kò lẹ́nu láti sọ bẹ́ẹ̀. Ojú tì í níwájú ẹni tí kò mọ̀ rí. Ẹlẹ́rìí tó fi ń yangàn láàárọ̀, ará ọ́fíìsì rẹ̀ kan ni, tó kàn rí Oríọlá tó ń gbé nǹkan lọ bá Àyìndé nínú ọjà. Lawrence kò bi í pé báwo ni nǹkan náà ṣe tóbi tó.

“Ṣé ẹ ní irú aago yìí?” Wúràọlá bi Àyìndé. “Èyí tó ní rọ́bà tirẹ̀. Ẹ yá mi di ìrọ̀lẹ́.”

Àyìndé fún un. Wúràọlá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì jíìpù fúnra rẹ̀, ó yọ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé atẹ́gùn lọ sí aago Lawrence, ó fi ti Àyìndé sí ojú ihò náà, ó sì gba ojú fèrèsé fà á wọnú ọkọ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe kọrí sí Oǹdó padà, tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gbé aago lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

“Ẹ tẹná.”

Ọwọ́ aago fò sókè kíá, ó dúró síbi tó ń dúró sí nígbà tí ọkọ̀ wà ní tuntun.

“Tọ́bò yín rèé, ọ̀gá. Ara rẹ̀ le koko.”

“Bóyá…” Lawrence tẹjú mọ́ ọ̀nà. “Bóyá ó ti dá a padà.”

“Nígbà wo? Láti ọjọ́ Àìkú tí ẹ ti mú un wá, àtìmọ́lé ló ń sùn, ọkọ̀ sì wà nílé yín. Àbí ó gba ojú fèrèsé àgọ́ ọlọ́pàá jáde?”

Wúràọlá tọ́ka sí igi ọsàn kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó ní kí ó páàkì sábẹ́ rẹ̀.

*

“Nǹkan kan ń da ọkàn mi láàmú,” ni Wúràọlá wí nígbà tí ẹ́ńjìnnì dákẹ́. “Bí aago ẹlòmíràn bá ṣe báyìí, á ní aago òun bàjẹ́. Ẹlòmíràn á ní tọ́bò òun bàjẹ́. Ẹ̀yin ní wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní lẹ ti sọ ọ́, ẹ ò sì yẹ̀ lórí rẹ̀. Kí lẹ rí?”

“Mo rí aago.”

“Aago kì í sọ pé wọ́n pààrọ̀. Kí lẹ rí?”

“Màdáámù, mo ní mo rí…”

“Ẹ ò rí nǹkan kan.” Ohùn rẹ̀ kò le, bí ẹni ń bá ọmọ ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni. “Ohun tí ẹ rí kọ́ ló mú yín pariwo. Ohun tí ẹ wá tí ẹ kò rí ni. Kí lẹ fi síbẹ̀, ọ̀gá?”

Lawrence wo iwájú. Ẹnì kan tó ń kọjá lórí ọ̀kadà kí wọn, Lawrence kàn juwọ́ sí i. Ó ti gbé ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ fún ìyàwó rẹ̀, fún pásítọ̀, fún ọlọ́pàá tó gba ẹjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ará ọ́fíìsì kan náà ló kọ́ ọ. Ó ní kò sí ọlọ́gbọ́n tó ń gbé ọkọ̀ fún mẹkáníìkì láìfi àmì sí i, pé ìfura loògùn àgbà. Láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ gbé ọkọ̀ lọ fún Oríọlá, ó ti ilẹ̀kùn gáréèjì kí ọmọ rẹ̀ má bàa rí i, ó sì so òwú pupa mọ́ ara rọ́bà tó jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ tọ́bò. Òwú tí àwọn aránbàtà ń lò ni. Ó fún un pinpin kó má bàa já. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó gba ọkọ̀ padà tí aago kò gòkè mọ́, ó fi tọ́ọ̀ṣì wá òwú náà títí, kò rí i.

“Òwú,” ló wí. “Mo so òwú mọ́ ọn.”

“Mọ́ èwo?”

“Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn.”

Wúràọlá bọ́ sílẹ̀. Ó fa rọ́bà tó yọ ní Àkúrẹ́ sọ́wọ́, ó ń fi àtàǹpàkò wá ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lójú kan, ó dúró.

“Ẹ mú ọwọ́ yín wá.”

Lawrence fọwọ́ kàn án. Kòtò tóóró kan yí rọ́bà náà po bí àpá okùn lọ́rùn ewúrẹ́. Epo àti eruku ti dí i, ojú kò lè rí i, àfi ọwọ́.

“Ẹ ti so ó le jù,” Wúràọlá wí. “Nígbà tí iná ẹ́ńjìnnì mú rọ́bà, ó rọ̀, òwú sì wọ inú ẹran ara rẹ̀ lọ. Ó fún ọ̀nà atẹ́gùn lọ́rùn. Ìdí nìyẹn tí ìròyìn fi ń pẹ́ dé ọ̀dọ̀ aago. Òwú yín wà níbi tí ẹ so ó sí, ọ̀gá. Kò sẹ́ni tó tú u.”

Lawrence di bọ́nẹ́ẹ̀tì mú. Òun ló pa aago. Òun náà ló tún fi ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ gbé ọkọ àbúrò òun lọ sórí sìmẹ́ǹtì. Ojú tì í dé ibi tí etí rẹ̀ ń gbóná.

“Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ṣáà sọ fún wọn pé aago ló bàjẹ́.”

“Mo lè sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á sì tú u sílẹ̀. Àmọ́ ẹ mọ ẹnu àwọn èèyàn. Wọ́n á ní ó ti rọra dá tọ́bò padà ni, wọ́n á ní ọlọ́pàá ti gba rìbá. Ta ni yóò pa ẹnu wọn dé?” Ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. “Iṣẹ́ tèmi ti parí lábẹ́ igi ọsàn yìí. Èyí tó kù, tiyín ni.”

*

Ẹgbẹ́ mẹkáníìkì ti pé jọ nígbà tí Lawrence àti Wúràọlá dé abúlé wọn, àwọn kan lórí táyà, àwọn kan lórí bẹ́ńṣì. Ọlọ́pàá kan ti mú Oríọlá wá. Táíyé dúró ní tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó fi ìborùn we ara bí ẹni òtútù ń mú nínú oòrùn yẹn. Kọ́kọ́rọ́ àgádágodo tuntun wà lórí itan Alága Adémọ́lá, àgbàlagbà tó funfun lórí pátá.

Wúràọlá kí wọn. Ó gbé rọ́bà náà sórí tábìlì, ó fi abẹ là á níbi kòtò, ó sì na òwú pupa náà sókè kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Kókó rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, digbí.

“Òwú yìí ló mú aago parọ́,” ló wí. “Ẹni tó so ó wà níbí.”

Ó lọ jókòó. Lawrence nìkan ló kù lórí ìdúró, gbogbo ojú sì wà lára rẹ̀. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Bí wọ́n bá bi í nígbà náà, ì bá sọ pé òótọ́ ni.

“Èmi ni,” ló wí.

“Ẹ sọ̀rọ̀ sókè, ọ̀gá,” ni ẹnì kan wí lẹ́yìn.

“Èmi ni mo so ó. Mo fi ṣe àmì, nítorí mo rò pé Oríọlá lè jalè. Nígbà tí n kò rí àmì mi mọ́, mo ní ó jalè. Kò jalè. Kò fọwọ́ kan nǹkan mi.” Ó wo Táíyé, Táíyé sì gbójú kúrò. “Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn.”

Ariwo sọ. Adémọ́lá gbọ́wọ́ sókè, wọ́n dákẹ́.

“Ọmọ wa,” Adémọ́lá wí, “ṣé ẹ rò pé àwa kì í rí àwọn àmì yẹn ni? Ọ̀dà tí ẹ ń kùn sí bátìrì, irin tí ẹ ń fi ìṣó ha, ojoojúmọ́ là ń rí i. A kàn ń dákẹ́ ni.” Ó yíjú. “Oríọlá, ìwọ ńkọ́? Ṣé o rí òwú yìí nígbà tí o ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì?”

Oríọlá wo òwú náà.

“Mo rí i, Bàbá.”

“O rí i! Kí ló dé tí o kò tú u?”

“Bí mo bá tú u, ẹ̀gbọ́n á ní mo fọwọ́ kan nǹkan àwọn.”

“Kí ló dé tí o kò wá sọ fún àwọn ọlọ́pàá?”

Oríọlá wo ìyàwó rẹ̀. “Táíyé wà níjòókòó nígbà gbogbo tí wọ́n ń bi mí. N kò mọ bí n óò ṣe sọ ọ́ létí rẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ so òwú mọ́ ọkọ̀ nítorí mi. Mo ní ojú á ti ẹ̀gbọ́n. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà máa tán fúnra rẹ̀.”

Táíyé bú sẹ́kún. Lawrence, tó jẹ́ àna, tó sì jẹ́ ẹ̀gbọ́n, ẹni tí Oríọlá ń dọ̀bálẹ̀ fún, da àyà délẹ̀ nínú epo dúdú ilẹ̀ náà pẹ̀lú aṣọ ọ́fíìsì lára. A kò gbọ́ irú rẹ̀ rí ní ilé Akíntóyè. Àwọn àgbà kan sáré fà á dìde kí ó má bàa pẹ́ nílẹ̀, ṣùgbọ́n Oríọlá kò sí lára wọn.

Ó ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó mú rọ́bà tuntun wá, ó wọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yọ ti Àyìndé, ó sì so tuntun mọ́ aago Lawrence. Kò pẹ́ rárá. Ó sọná sí ọkọ̀, ó tẹ iná, ọwọ́ aago sì fò sókè gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ Lawrence, kò sì ti bọ́nẹ́ẹ̀tì.

“Ẹ̀gbọ́n,” ló pè é, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. “Ẹ wá yẹ ọkọ̀ yín wò kí ẹ tó gbà á.”

“Oríọlá, kò sí ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò. Mo bẹ̀ ọ́.”

“Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀gbọ́n. Lójú gbogbo wọn báyìí. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ ti sọ ọ́, àwọn tó gbọ́ níbẹ̀ pọ̀.”

Lawrence wo Wúràọlá bóyá yóò gbà á sílẹ̀. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń pa ẹ̀pà. Ó wo Táíyé, Táíyé ń fi ìborùn nu ojú, ó ń dúró. Lawrence rìn lọ síwájú ọkọ̀, ó tẹ orí ba.

“Tọ́bò nìyí,” Oríọlá wí, ó ń fi ìka hàn án. “Ṣé tiyín ni?”

“Tèmi ni.”

“Rédíétọ̀ ńkọ́?”

“Tèmi ni.”

“Ẹ sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Bátìrì ńkọ́?”

Omijé ti bo ojú Lawrence, kò rí bátìrì náà mọ́. Ó na ọwọ́ sí ibi tí ó mọ̀ pé ó wà, ó sì gbé ohùn rẹ̀ sókè.

“Tèmi ni.”